Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Akọ̀ròyìn Tuntun Nídìí Ẹ̀rọ Ìlera

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 24 ni mí, oṣù karùn-ún rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀ròyìn nílé iṣẹ́ ìròyìn kan níhìn-ín ní Ìbàdàn. Ìmọ̀ èdè ni mo kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi gbé ìròyìn ẹ̀rọ ìlera lé mi lọ́wọ́, ó ní èmi ni mo mọ fóònù tẹ̀ jù nínú ọ́fíìsì. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í pè mí síbi tí wọ́n ti ń ṣí aṣọ lójú ẹ̀rọ tuntun: èyí ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èyí ń fi AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ láti dá nǹkan mọ̀, wo àwòrán àyà, èyí jẹ́ ápù tí èèyàn lè fi bá dókítà sọ̀rọ̀ láti ilé. Wọ́n á pín ìwé fún wa, a ó jẹ ráìsì, n ó sì padà sí ọ́fíìsì láti fi èdè tiwa kọ ohun tó wà nínú ìwé wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi ka ọ̀kan nínú àwọn ìròyìn náà, ó wá bi mí pé, "Ṣé ẹ̀rọ yìí máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi sàn ni?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn. Báwo ni mo ṣe lè ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ, nígbà tí mi ò ka ìmọ̀ ìṣègùn? — Akọ̀ròyìn Kékeré, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: O ti sọ ọjọ́ orí rẹ fún wa, nítorí náà jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ ọ́. Ìbéèrè ìyá rẹ yẹn, kọ ọ́ sí ìwé kó o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú tábìlì rẹ, nítorí kò sí olóòtú tó lè bi ọ́ ní èyí tó dára jù ú lọ. Ohun tí ìyá rẹ fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí ẹ̀rọ náà wà fún, ohun tó ń ṣe gan-an, àti bóyá ó kan àwọn fúnra wọn. Bí o bá ka ìròyìn rẹ tán tí èsì ìbéèrè wọ̀nyẹn kò sí nínú rẹ̀, ìpolówó ọjà lo bá wọn kọ, wọn kò sì sanwó ìpolówó fún ilé iṣẹ́ rẹ.

Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí, ilé ìwòsàn kan nínú ìlú yìí, tí n kò ní dárúkọ, pè wá pé kí a wá wo ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ láti òkè òkun. Àwọn èèyàn ńlá gé rìbọ́ọ̀nù, a ya fọ́tò, mo sì kọ ọ́ pé àwọn ará Ìbàdàn ti bọ́ lọ́wọ́ ìrìn àjò sí Èkó nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àkọlé náà dùn mọ́ mi débi pé mo gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, mo sì fi í pamọ́. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn yẹn kan náà. Ẹ̀rọ náà wà ní igun yàrá, wọ́n fi àǹkárá aláwọ̀ búlúù bò ó, wọ́n to káàdì àwọn aláìsàn lé e lórí, ife tíì ẹnì kan sì wà lórí àwọn káàdì náà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ náà. Kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ ló tán ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà nìkan ló ń ta kẹ́míkà ọ̀hún, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà. Èkó ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe àyẹ̀wò náà níkẹyìn. Nígbà tí mo délé, mo fa àkọlé tí mo fi pamọ́ ya.

Láti ọjọ́ yẹn, kẹ́míkà ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè níbi tí wọ́n bá ti ń ṣí aṣọ lójú ẹ̀rọ. Ta ló ń tà á, èló ni, èyí tó wà nílẹ̀ yóò sì pẹ́ tó ìgbà wo? Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè iná: bí iná bá lọ láàrin àyẹ̀wò, ṣé èsì náà ń sọnù ni, ṣé sólà lè gbé e, ta sì ni yóò máa ra dísù sí jẹnẹrétọ̀? Mo tún máa ń béèrè èèyàn: ẹni mélòó ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ta ni yóò lò ó bí ẹni yẹn bá já lọ sí Ìlú Ọba, ibo sì ni ẹni tó lè tún un ṣe ń gbé? Ṣé o rí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí dókítà? Ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ata lọ́jà máa ń béèrè ni, àwọn tó sì ń ta ẹ̀rọ ìṣègùn kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Ní ti pé o kò ka ìmọ̀ ìṣègùn, jẹ́ kí n sọ ìtàn Theranos fún ọ. Ní ọdún 2003 ni Elizabeth Holmes dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a gún láti orí ìka ti tó láti ṣe àyẹ̀wò oríṣiríṣi, láìfi abẹ́rẹ́ ńlá fa ẹ̀jẹ̀ lápá ẹnikẹ́ni. Àwọn olówó gbà á gbọ́, àwọn akọ̀ròyìn gbé fọ́tò rẹ̀ síwájú ìwé ìròyìn, iye tí wọ́n sì fojú bu ilé iṣẹ́ náà tó bílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là. Ní oṣù October ọdún 2015 ni John Carreyrou, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Wall Street Journal ní Amẹ́ríkà, tú àṣírí náà: ẹ̀rọ wọn kò lè ṣe ohun tí wọ́n sọ, ẹ̀rọ tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n sì ń fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò náà. Carreyrou kì í ṣe dókítà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kan ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́, ló wá lọ, ó sì fetí sílẹ̀ sí wọn. Ilé ẹjọ́ dá Holmes lẹ́bi ní January ọdún 2022, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá àti oṣù mẹ́ta ní November ọdún kan náà.

Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni kó o wá mọ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn yóò bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ẹni tó ń mójú tó yàrá àyẹ̀wò, ẹnjiníà tó ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, àti obìnrin tó ń wá fáìlì fún aláìsàn ni wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́jọ́ Tuesday tí òjò ń rọ̀ tí kò sí iná. Ìlú tó yẹ lo sì wà. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Orita Mẹ́fà, kò sì jìnnà sí Mọ́kọ́lá tí o wà. Bí o bá ní bàtà tó dára, ẹsẹ̀ lè gbé ọ débẹ̀. Níbẹ̀ àti ní Yunifásítì Ìbàdàn, wàá rí ẹni tó lè ṣàlàyé nǹkan fún ọ, bí o bá lọ bá wọn kí ọ̀rọ̀ tó di kánjúkánjú, tó o sì jẹ́wọ́ pé kò yé ọ. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn ẹni tó bá sọ pé kò yé òun.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kó o má gbàgbé láé, òun ni: ara ta ni wọ́n ti dán an wò? O mọ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há orí ìka aláìsàn, tí nọ́ńbà máa ń yọ lójú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Japan, ṣe láwọn ọdún 1970 ló bí i. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn gba inú ìka kọjá, ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn dáadáa kì í sì í gba ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ra bíi ti ẹ̀jẹ̀ tí kò ní tó. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣírò iye ọ́síjìn tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ara náà máa ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Ní December ọdún 2020, àwọn dókítà láti Yunifásítì Michigan gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìwádìí ìṣègùn New England Journal of Medicine, nípa àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ orí ìka sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàrin 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an wò ó, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú ni ọ́síjìn wọn kò tó 88, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 3.6 péré ni láàrin àwọn aláwọ̀ funfun. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ń sọ fún dókítà pé ara le, nígbà tí aláìsàn ń wá èémí. Àkókò àrùn Kòrónà sì ni, tí nọ́ńbà yẹn lè jẹ́ ohun tí wọ́n máa fi pinnu ẹni tí wọ́n á dá padà sílé. Ní February ọdún 2021, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún aráàlú nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rọ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn káàkiri ayé kí ìkìlọ̀ yẹn tó jáde. Wo ìka tìrẹ, kó o wá sọ fún mi bóyá ìbéèrè yẹn kan ìyá rẹ tàbí kò kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà náà kò gbọdọ̀ bà ọ́ lẹ́rù. Bí wọ́n bá sọ pé ẹ̀rọ kan kì í ṣìnà ní ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kó o sì sùn. Mú bírò. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan oníṣòwò ọjà Bódìjà wá ṣe àyẹ̀wò àìsàn kan, tó jẹ́ pé mẹ́wàá péré nínú wọn ló ní in. Ẹ̀rọ náà yóò rí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá yẹn. Ṣùgbọ́n yóò tún ṣìnà lórí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn 990 tí kò ní àìsàn, ìyẹn 99. Àpapọ̀ àwọn tí wọ́n á sọ fún pé wọ́n ní àìsàn jẹ́ 108, mẹ́sàn-án péré ló sì jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Ẹni kan nínú méjìlá! Àwọn 99 tó kù yóò lọ sílé pẹ̀lú ìbẹ̀rù, òmíràn nínú wọn yóò tà nínú ọjà rẹ̀ láti fi ra oògùn tí kò nílò. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò dára, nítorí dókítà tó gbọ́n yóò tún fi àyẹ̀wò mìíràn kín in lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òǹkàwé rẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àyẹ̀wò kejì wà, àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.

Máa ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń pín fún yín pẹ̀lú. Pé FDA jẹ́ kí ẹ̀rọ kan wọ ọjà kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń gba ojú ọ̀nà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni bóyá ó jọ èyí tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀. Níhìn-ín, NAFDAC ni òfin gbé àbójútó ẹ̀rọ ìṣègùn lé lọ́wọ́, nítorí náà béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé owó ìjọba ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ, òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú sí ìwífún fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dá ọ lóhùn. Kọ lẹ́tà náà, kó o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn kò tíì kọ ọ̀kan rí.

O mẹ́nu ba ráìsì, o kò mẹ́nu ba ẹ́ńfílóòpù. Bóyá wọn kò fún ọ, bóyá ojú ló ń tì ọ́. Jẹ ráìsì wọn bí ebi bá ń pa ọ́, ṣùgbọ́n owó mọ́tò tí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá fi síwájú rẹ, dá a padà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ra ìwé kékeré kan, kí o kọ ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí apá òsì, kí o sì kọ ọjọ́ tó bá pé oṣù mẹ́fà sí apá ọ̀tún. Lọ́jọ́ apá ọ̀tún, padà lọ síbẹ̀ láìmú fọ́tógíráfà dání, kó o lọ wò bóyá wọ́n ti da aṣọ bò ó.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn aládàáni kan ní agbègbè Ring Road. Àwọn akọ̀ròyìn wá wo ètò kọ̀ǹpútà tí a fi rọ́pò káàdì. Wọ́n ya ojú kọ̀ǹpútà náà ní fọ́tò, orúkọ obìnrin kan àti èsì àyẹ̀wò rẹ̀ sì hàn kedere nínú fọ́tò tó jáde. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ rí i, ilé wọn sì dàrú. Ta ló jẹ̀bi, àwa ni tàbí àwọn? — Nọ́ọ̀sì Tí Inú Rẹ̀ Bà Jẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ̀bi o, nọ́ọ̀sì wa, mo sì fi orúkọ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn bẹ obìnrin náà. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn, pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ tú u síta àfi bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìdí díẹ̀ mìíràn. Òfin ọdún 2023 lórí ààbò ìwífún ẹni náà fi ọ̀rọ̀ ìlera sára àwọn tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Kí àwọn akọ̀ròyìn tó dé ni ó ti yẹ kí ẹ ṣí ojú ewé kan tí ẹ kọ orúkọ àti èsì tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni sí fún wọn. Akọ̀ròyìn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wo gbogbo igun fọ́tò kó tó fi ránṣẹ́, títí kan pátákó tó wà lára ògiri lẹ́yìn.

N ó fi èyí kún un fún àwọn tó rò pé yíyọ orúkọ kúrò ti tó. Mo ti ka ìròyìn kan rí tí wọn kò dárúkọ obìnrin inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ ọ́ pé ìyá ìbejì ni, ọmọ ọdún 41, tó ń ta àmàlà ní àdúgbò báyìí báyìí. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní àdúgbò yẹn?

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ń ka ìròyìn ìlera lédè Yorùbá dáadáa. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn akọ̀ròyìn òde òní ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ gígùn gbọọrọ bí "òye àtọwọ́dá" láìṣàlàyé rẹ̀. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? — Tíṣà Àgbà, Ọjọ́ọ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, sà. N kò lòdì sí ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú yín pé orúkọ kì í ṣe àlàyé. AI ni wọ́n ń pè ní "òye àtọwọ́dá" yẹn; ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó ń wo àwòrán àyà ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà ni, tí wọ́n ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán X-ray hàn, tí àwọn dókítà sì ti sọ èyí tó jẹ́ ti oníkọ́ fée nínú wọn àti èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá wá rí àwòrán tuntun, yóò sọ èyí tó jọ jù nínú méjèèjì. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lílo irú rẹ̀ láti fi wá ikọ́ fée lára àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 15 sókè. Òǹkàwé tó bá ti mọ̀ pé jíjọ ni kọ̀ǹpútà náà ń wò, yóò béèrè fúnra rẹ̀ pé: àwòrán àyà àwọn wo ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ẹ wò ó pé a ti padà sí ìbéèrè tí mo fún àbúrò wa tó wà ní Mọ́kọ́lá.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ èdè kéré nídìí ìmọ̀ ìṣègùn. Ní Ìdíkàn, nínú Ìbàdàn yìí, ni àwọn dókítà UCH àti ti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti jọ ṣe ìwádìí ọlọ́dún gígùn lórí àìsàn tó ń mú kí iyè àwọn àgbà rà, tí wọ́n fi wọ́n wéra pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àìsàn náà ń mú ní Ìbàdàn lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti Amẹ́ríkà. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi dán iyè àwọn àgbà wa wò ní láti di Yorùbá kí iṣẹ́ náà tó lè ṣeé ṣe, torí bí ìbéèrè kò bá yé bàbá kan, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n á kọ síwájú orúkọ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rọ orí ìka tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo ti gbìyànjú orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún un, kò sí ọ̀kan tó dùn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ni mo jókòó sẹ́yìn ìyá àgbà kan nílé ìwòsàn ní Yemẹtu. Nọ́ọ̀sì mú ẹ̀rọ náà jáde látinú àpò, ó ní, "Mọ́mì, ẹ na ìka yín, ẹ jẹ́ kí n wo bí atẹ́gùn ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀ yín." Ìyá náà na ìka láìbéèrè nǹkan kan, èmi sì mú bírò.